Ọkọ̀ Òfuurufú Tí Kò Ní Fèrèsé

Ọdún mẹ́sàn-án ni Wietske fi ya àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tó jẹ́ kìkì ìyẹ́ apá. Inú ìyẹ́ yẹn ni èrò máa jókòó sí, ogún èèyàn lórí ìlà kan, láìsí fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá rà á títí di ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò ti ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Delft pa.

Wọ́n ti fi pákó kan yàrá kan tó jọ inú ọkọ̀ náà sílẹ̀, ẹ̀rọ ń mì ín bí ẹni pé ó ń fò. Ọgọ́rùn-ún ará ìlú ló wá jókòó níbẹ̀ wò, àwọn tí kì í fa kọ́tìnì bo fèrèsé ilé wọn bí ilẹ̀ tilẹ̀ ṣú. Wọ́n ní àwọn kò mọ ibi tí àwọn dé, àwọn kò sì mọ ìgbà tí ọkọ̀ yí padà. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta tó ń fi ọkọ̀ òfuurufú kó èrò ka èsì wọn, wọ́n ní àwọn kò rà á.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Terpstra wọlé wá wò ó. Sjoerd, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó kan àwọn ìjókòó náà, bu kọfí fún un.

"Ẹ jókòó sáàárín," ó ní. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti bú mi jù."

Terpstra jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

"Ṣé ó ti yí padà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì," Wietske dáhùn. "Mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn èèyàn ò fẹ́ràn rẹ̀."

"Mo ti ka ohun tí wọ́n kọ."

Ó béèrè bóyá ẹni tó bá pariwo lẹ́yìn á dí àwọn tó wà níwájú lọ́wọ́. Wietske ní rárá, òun ti fi aṣọ tó nípọn bo ògiri nítorí ọmọ tó bá ń sunkún. Terpstra kọ ìdáhùn náà sínú ìwé.

Sjoerd rọra sọ fún Wietske pé, "Ọkùnrin yìí ò béèrè ibi tí wọ́n ń gbé àpò sí. Àbí àwọn èrò tiẹ̀ ò lẹ́rù ni?"

"Ẹ jẹ́ ó rà á ná, ẹ jọ̀ọ́."

Terpstra ní òun fẹ́ mẹ́fà. Wietske dì mọ́ Sjoerd, omi lé ròrò sí i lójú. Wietske wá bi Terpstra bóyá òun lè bá wọn wọ ti àkọ́kọ́, kí òun lè bi àwọn èrò bóyá ara tù wọ́n.

Terpstra de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó ní àwọn tó sá ogun wá, tí ìjọba kò fún níwèé ìgbélùú, ni àwọn fẹ́ máa fi kó padà sílùú wọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan láàárín ẹ̀ṣọ́ méjì.