Ọmọ Tí Ìwin Odò Pọ̀n

Ilé iṣẹ́ ti dá páropáro. Morádéyọ̀ nìkan ló kù ní àjà kẹta, tó ń tún ìwin odò yà fún káàdì eré. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó yọ ọmọ tí ìwin náà pọ̀n kúrò, kí àwòrán náà lè túbọ̀ bani lẹ́rù.

Bó ti yọ ọ́ tán, ó gbọ́ ẹsẹ̀ tútù lórí àtẹ̀gùn: pẹ̀tẹ̀, pẹ̀tẹ̀.

“Ta nìyẹn?”

Ohùn ọmọdé dáhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn: “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá màmá mi.”

Morádéyọ̀ kò ṣílẹ̀kùn. Ó ya ọmọ náà padà sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó rọra ń lọ, ó wúwo, bí ẹsẹ̀ abiyamọ tó pọnmọ.