Káàdì Kẹtàléláàádọ́ta

Láńrewájú ń ka káàdì sínú: bí kékeré bá jáde, á fi ọ̀kan kún iye rẹ̀, bí ńlá bá jáde, á yọ ọ̀kan. Bí méjìléláàádọ́ta bá tán, òdo ló gbọ́dọ̀ kù. Ilé tí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ń gbé ló fi ta tẹ́tẹ́ náà.

"Ọmọ, iye rẹ ti di òdo," ni bàbá tó ń pín káàdì wí. Bẹ́ẹ̀ Láńrewájú kò la ẹnu rárá.

"Káàdì tán nìyẹn, bàbá."

"Ó ku ẹyọ kan."

Ó ṣí i. Àwòrán Láńrewájú ló wà lára rẹ̀. Láńrewájú fẹ́ kígbe, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò jáde.

Bàbá náà kó káàdì àti kọ́kọ́rọ́ ilé sápò, ó sì ń tẹ fóònù bó ti ń jáde lọ.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́," ohùn Láńrewájú ló fi ń sọ̀rọ̀, "má tilẹ̀kùn o. Mo ti ń bọ̀."