Odídẹrẹ́ Pe Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Padà

Àlọ́ mi fò títí, ó bà lé Odídẹrẹ́, akéde àwọn ẹranko, ẹni tí gbogbo wọn gbà gbọ́.

Òkété gbé ẹyìn wá fún un. Ó ní, "Bá mi kéde pé ihò mi ló dára jù láti tọ́jú ọkà." Odídẹrẹ́ jẹ ẹyìn, ó kéde, kò wo ihò. Àwọn ẹranko kó ọkà lọ.

Nígbà tó yá, Odídẹrẹ́ yọjú wo ihò náà. Òkété ti gba ojú ihò kejì kó ìdajì lọ.

Òkété bẹ̀ ẹ́ pé, "Dákẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀."

Odídẹrẹ́ fò sórí igi, ó kọrin:

"Ẹ sáré kó ọkà yín o,
*Odídẹrẹ́, wí i!*
Ẹyìn ni mo jẹ tí mo fi kéde,
*Odídẹrẹ́, wí i!*
Mi ò wo ihò kí n tó sọ̀rọ̀,
*Odídẹrẹ́, wí i!*"

Àwọn ẹranko sáré kó ọkà wọn tó kù jáde. Ẹfọ̀n onínúfùfù, tí ọkà tirẹ̀ ṣòfò jù, rìn wá sídìí igi. Odídẹrẹ́ di ojú. Ẹfọ̀n tẹrí ba.

Ó ní, "Níbo wá ni ká kó èyí tó kù sí?"

"Mi ò tíì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná."

Gbogbo ẹranko sì jókòó ti ọkà wọn, wọ́n ń dúró dè é.