Ibojì Etí Oko Àgbàdo

Ìyá àgbà kúnlẹ̀ sétí oko àgbàdo, ó nàdí sókè, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ òkúta ibojì, nígbà tí Orville, àgbẹ̀ tó ni ilẹ̀ náà ní Ohio báyìí, dé bá a.

"Ìyá, ẹ rọra o, kẹ́ ẹ má lọ bá baba ńlá yín láìtọ́jọ́!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí mo wá tọrọ nìyẹn. Tí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ Jedediah baba ńlá mi yìí ni kẹ́ ẹ sin mí sí. Òun ló kọ́kọ́ la igbó yìí. Ẹ wo ohun tí Keziah ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n gbẹ́ sára òkúta: 'Ó bá mi ro ilẹ̀ yìí. Kò fi mí sílẹ̀.' Orúkọ Jedediah yìí ni mo sọ àkọ́bí mi ọkùnrin."

Orville họrí. "Òkúta yìí ṣubú lọ́dún tó kọjá. Ibi tí mo ti ń gbẹ́lẹ̀ láti tún un rì mọ́lẹ̀ ni mo ti rí egungun. Bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀."

"Ẹ ò rí i! Ẹni iyì ni wọ́n ń sin tòun ti bàtà."

"Mẹ́rin ni, ìyá. Irin sì ni."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. "Ẹṣin?"

"Ẹṣin tó ń fa ohun ìtúlẹ̀ wọn."

"Jedediah wá ńkọ́?"

"Ìyàwó baba ńlá tèmi ló gbé sá lọ sí Oregon. Nílé wa, ajá tó bá ń jalè la máa ń sọ ní Jedediah."

Ìyá àgbà fìdí balẹ̀ gbì. "Ọ̀dàlẹ̀! Keziah ńkọ́? Níbo ni wọ́n sin ín sí?"

"Òun lẹ jókòó lé yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ẹṣin yìí ló ní kí wọ́n sin òun sí."

Ìyá àgbà sún díẹ̀, ó nu ojú rẹ̀.

"Ṣé àyè ẹnì kẹta ṣì wà?"