Ọrùn Ẹsẹ̀ Mùjíbátù

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà tí eegun ọrùn ẹsẹ̀ Mùjíbátù ti sán, dókítà tó wo fọ́tò eegun náà ní Ìbàdàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní eegun ti so. Ó ní bó bá fara balẹ̀ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, yóò tún sáré.

Àbíkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dúpẹ́ títí wọ́n fi dé Lálúpọn. Òun ló tọ́ Mùjíbátù dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Gàrí ló ń yàn, nídìí èéfín gàrí náà ló sì ti rí owó ra bàtà eré ìje àkọ́kọ́ fún un. Ọmọ ogún ọdún ni Mùjíbátù báyìí, ó sì ti lo ọdún méjì ní kámpù Kóòṣì Sàníù, níbi tí àwọn asáré ń gbé tí wọ́n ti ń kọ́ eré ìje. Kì í ṣe orí pápá ló ti fara pa. Kóòṣì ní orí àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ń sùn ni ó ti já bọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sílé ìwòsàn, Àbíkẹ́ kò sì lè gbàgbé oore yẹn.

Láràárọ̀, Mùjíbátù á ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́. Á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣa aṣọ nílẹ̀. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á fi ìka ẹsẹ̀ gbéra sókè, á rọra sọ̀ kalẹ̀, nígbà ogún. Àbíkẹ́ ló ń bá a kà á. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ògiri ló máa ń kọjú sí, tí á máa sunkún láìsọ̀rọ̀.

Àbíkẹ́ máa ń sọ fáwọn tó wá kí i pé, "Asáré tí kò lè sáré ni. Ó dùn ún ni."

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ṣe ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń là. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi. Ó ń kọrin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin títí dé ìdí máńgòrò, ó sì ń rẹ́rìn-ín bọ̀ wálé. Lójú ẹsẹ̀ ni Àbíkẹ́ pe Kóòṣì lórí fóònù. Kóòṣì ní òun ń bọ̀ wá mú un ní Sátidé.

Ní Fúráìdé, ẹsẹ̀ náà wú bí ìbẹ́pẹ.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Òkúta ni mo ṣèèṣì tẹ̀, àǹtí mi."

Dókítà tún wò ó. "Ṣé nǹkan já lù ú ni?" Mùjíbátù ní rárá. Dókítà wò ó, ó wo Àbíkẹ́, ó sì kọ nǹkan sínú ìwé.

Oṣù kan kọjá, ẹsẹ̀ tún san. Kóòṣì tún dá ọjọ́. Ẹsẹ̀ tún wú.

Àbíkẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí Bàbá Lìádì, àgbàlagbà àdúgbò tó máa ń to eegun, tó ń fi òrí ra ẹsẹ̀ náà nírọ̀lẹ́. Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà ní kámpù yẹn rí. Lọ́dún tó kọjá ni bàbá náà lọ mú un kúrò, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kankan. Láti ìgbà náà, kò yé sọ pé, "Ẹ jẹ́ kí Mùjíbátù sinmi. Eré nìkan kọ́ ni èèyàn fi ń là." Àbíkẹ́ rò ó títí. Ẹni tí ọmọ tirẹ̀ kò là níbẹ̀, ṣé yóò fẹ́ kí tẹlòmíràn là?

"Bàbá, ẹ má wá mọ́," ló wí. "Ẹsẹ̀ àbúrò mi á san láìsí ọwọ́ yín."

Bàbá Lìádì rọra di òrí rẹ̀. "Àbíkẹ́, ṣé o ti bi ọmọ náà léèrè?"

Mùjíbátù dorí kodò. Àbíkẹ́ nawọ́ sí ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Kóòṣì Sàníù gbé ọsàn àti ìgò mọ́ọ̀tì wá. Ó jókòó ti Mùjíbátù lórí bẹ́ǹṣì.

"Yàrá rẹ ṣì wà bó o ṣe fi í sílẹ̀," ló wí. "Èmi fúnra mi ni n ó máa fọwọ́ ra ẹsẹ̀ náà."

Mùjíbátù di etí ìró ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú gírígírí. Àbíkẹ́ mọ̀ pé ẹsẹ̀ ló ń dùn ún.

"Ẹ ṣeun, Kóòṣì," ló wí. "Ẹ̀yin ni baba tí kò ní."

"Sátidé, àǹtí. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ."

Àbíkẹ́ ṣọ́ ọ lóòótọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń se oúnjẹ rẹ̀, ẹni kankan kò sì gbọdọ̀ wọlé. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ náà ti fẹ́lẹ́, ó dán bíi ti ìṣáájú. Àbíkẹ́ di ẹrù rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Lọ́sàn-án Fúráìdé, gàrí wà lórí iná, oníbàárà sì ti ti Ìbàdàn dé. Àbíkẹ́ ti Mùjíbátù mọ́lé, ó fi kọ́kọ́rọ́ há ìró rẹ̀.

"N kò ní í pẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá kanlẹ̀kùn, má dá a lóhùn."

"Ó dáa, àǹtí mi."

Kò pẹ́ lóòótọ́. Bó ṣe gun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbọ́ ìró kan nínú yàrá: gbì. Ó dúró. Ó tún gbọ́ ọ: gbì. Bàbá Lìádì ti rọ́nà wọlé, ohun tó wá sí i lọ́kàn nìyẹn. Ó mú igi ìdáná kan nílẹ̀, ó ṣí kọ́kọ́rọ́, ó já wọlé.

Mùjíbátù nìkan ló jókòó nílẹ̀, ó di aṣọ sẹ́nu, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí òkúta, ọmọ odó wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó yọ aṣọ náà lẹ́nu, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún Kóòṣì pé kò tíì san."