Ẹrù Ẹni Tí Yóò Sùn Níta

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni Gideon tó yọjú sí ilé àna rẹ̀ ní Ìjù-Odò. Kí Susan àbúrò rẹ̀ tó lọ ra ẹja ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ní Òde-Ìrèlè níjẹta ló ti bẹ̀ ẹ́ pé, "Bùrọ̀dá, ẹ máa bá mi yọjú sí ọkọ mi o. Ará Ọ̀yọ́ ni, kò tíì mọ ìṣe ilé wa. Ẹ fi bí a ṣe ń ṣe hàn án." Gideon ní kò sí wàhálà. Àmọ́ bọ́ọ̀lù wà níjẹta, bọ́ọ̀lù tún wà lánàá, èèyàn ò sì lè pín ara rẹ̀ sí méjì.

Ó bá Akínrẹ̀mí, ọkọ Susan, ní pálọ̀, níbi tó kúnlẹ̀ sí níwájú báàgì ńlá kan tó la ẹnu sílẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bùrọ̀dá. Ọlọ́run ló rán yín wá. Bí èèyàn bá máa sùn níta, tí kò sì mọ ọjọ́ tí yóò padà wọlé, kí ló yẹ kó dì?"

Àyà Gideon já. Ẹ̀kọ́ nípa igi ni Akínrẹ̀mí ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní Òkìtìpupa, kò sì lè jẹun tán kó má dárúkọ igbó. Àṣé ó ti ṣe tán tí yóò wọ̀ ọ́ báyìí! Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n ṣègbéyàwó. Nígbà tí àwọn ẹbí ní àwọn ò fọmọ fún ẹni tí àwọn ò mọ orírun rẹ̀, Gideon ló dìde láàárín wọn, tó gbá àyà, tó ní, "Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, èmi ni kí ẹ mú." Bí igbó bá wá gbé ọkùnrin yìí mì, wọ́n á mú un lóòótọ́.

"Ìwọ nìkan lo ń lọ?"

"Èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn."

"Ṣé dandan ni?"

"Ó ti di dandan láti àárọ̀ tí Susan ti pè mí lórí fóònù."

Susan fọwọ́ sí i! Gideon mi orí. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni, ó mọ agídí rẹ̀. Ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó jókòó ti báàgì.

"Ìṣáná la kọ́kọ́ ń dì," ló wí. "Bí ìṣáná bá ti tutù, kò yàtọ̀ sí igi ìtayín." Ó fi ọ̀rá wé e, ó fi rọ́bà dè é pinpin. Ó ti òun àti tọ́ọ̀ṣì bọ inú báàgì, ó ti okùn bọ̀ ọ́, ó ká tapólì lé e lórí. Ó wá mú fèrè kékeré kan jáde lápò ara rẹ̀. "Bó o bá rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ bẹ́yìn yọ, fun èyí kíkankíkan."

"Ta ni yóò dá mi lóhùn?"

"Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ ni."

Akínrẹ̀mí dá fèrè náà padà sí i lọ́wọ́. "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀, Bùrọ̀dá."

"Bàtà òjò rẹ dà?"

"Sílípáàsì ti tó."

"Sílípáàsì kẹ̀! Ejò ńkọ́?"

"Ejò kọ́ ni mo ń bẹ̀rù."

"Ó dáa. Àdá ńkọ́?"

Ni ọkùnrin yìí bá fò dìde. "Àdá kẹ̀? Rárá o! Ẹ dákun, ibi tí ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó o ni kí ẹ gbé e sí."

Ìwé ti dà á lórí rú, Gideon rò ó nínú ara rẹ̀. Ó kọjá sí ilé ìdáná láti wá oúnjẹ. Iná ti kú. Wọ́n ti gbálẹ̀ ibẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Àjà tó wà lókè ààrò, níbi tí Susan máa ń to púpurú gbáàgúdá sí kí èéfín lè gbẹ ẹ́, ṣófo. Àbí ó ti kó ti ìkórè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? Susan mà yára o! Lójú fèrèsé, ewúrẹ́ méjì na ara wọn sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, ikùn wọn rí bí ti aboyún, wọn ò tilẹ̀ lè lé eṣinṣin.

"Ká ní púpurú ṣẹ́ kù ni," Gideon wí bó ṣe padà dé, "òun gan-an loúnjẹ ẹni tó ń ríṣòro. Bí èéfín bá ti mú un tó dúdú kirikiri, kò sóhun tó lè bà á jẹ́. A kàn ń ha ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò ni, inú rẹ̀ á funfun báláú."

"Mo ti gbọ́." Akínrẹ̀mí ò gbójú sókè. "Àárọ̀ yìí ni mo gbọ́."

Gààrí ni wọ́n wá dì, pẹ̀lú omi àti kúlíkúlí. Gideon tún wo báàgì yẹn, ó wo ojú àna rẹ̀, àánú ṣe é. "Mo máa bá ọ lọ," ló wí.

"Ẹ ṣeun, Bùrọ̀dá mi. Ẹ ṣáà dúró dìgbà tí Susan bá dé. Bó bá rí yín, bóyá ara rẹ̀ á rọ̀."

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà já Susan sílẹ̀ tòun ti apẹ̀rẹ̀ ẹja. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ń kọrin. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹja rẹ̀ kọjá sí ilé ìdáná. Akínrẹ̀mí gbé báàgì kọ́ èjìká, ó gba ẹnu ọ̀nà kejì jáde. Gideon sáré tẹ̀ lé e, àmọ́ ìdí igi máńgòrò lọ́kùnrin náà dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ewúrẹ́, tó ń so tapólì mọ́ ẹ̀ka.

"Igbó ńkọ́?" ni Gideon béèrè.

"Igbó wo, Bùrọ̀dá?"

Igbe ta nílé ìdáná: "Yéè! Púpurú ìkórè mi dà?"

"Ó ti dúdú, mo rò pé ó jóná ni, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi, ni mo bá dà á fún ewúrẹ́," ni Akínrẹ̀mí wí, tó ń tẹ́ ẹní, Gideon sì rántí ohun tí Susan ní kóun fi hàn án láti ijẹta, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní, "Sún díẹ̀, àna mi."