Ọwọ́-Idẹ àti Fèrèsé Ilé Ìdáná Rẹ̀

Ẹ má fi ojú fo èyí o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tó jẹ́ pé ọwọ́ yín lẹ fi ń wá oúnjẹ òòjọ́.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń gé gíláàsì. Ọgbọ̀n ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọwọ́-Idẹ ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ọwọ́ lásán ló fi ń gbé gíláàsì tó ga ju èèyàn lọ, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í yọ. Bó bá ti gbé e sókè, àwọn tó kù á pariwo, "Ọwọ́-Idẹ! Ọwọ́-Idẹ!" Òun náà á rẹ́rìn-ín, á tún gbé òmíràn. Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń hó yẹn ò mọ̀ fún yín. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà nílé ọkọ, ní ìlú tó jìnnà. Tó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, kò sẹ́ni tí yóò pè é mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Ó máa ń tan rédíò sílẹ̀ kí ohùn èèyàn lè wà nínú ilé, kì í ṣe pé ó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ariwo ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan ló ń jẹ́ kó mọ̀ pé òun ṣì wà láyé.

2.
Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wọn kó ìbọ̀wọ́ tuntun wá, pẹ̀lú irú rẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ apá, tó gùn láti ọrùn ọwọ́ kọjá ìgúnpá. Okùn líle ni wọ́n fi hun ún. Gíláàsì tàbí ọ̀bẹ kì í gé e bọ̀rọ̀.

Baba Ìbejì, tó máa ń bá a di ẹ̀gbẹ́ kejì gíláàsì mú, wọ tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́-Idẹ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ yìí, ṣé gíláàsì lo fẹ́ gbé ni, àbí ìkòkò gbígbóná?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìka mẹ́wàá ni mo gbé wá látilé, mẹ́wàá náà ni mo fẹ́ gbé padà."

"Ojú tó ti rí òkun ò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù!"

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó. Ó dùn mọ́ ọn dé egungun. Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀gá bá ń wò, á wọ̀ ọ́. Bí ọ̀gá bá ti yí ẹ̀yìn padà, á bọ́ ọ sápò.

3.
Fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ wá là. Baba Ìbejì gbọ́, ó ní, "Ẹ dúró dè mí di ọjọ́ Àìkú, ká jọ yọ ọ́. Tẹ́ ò bá lè dúró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti ti apá."

"Fèrèsé ilé ara mi? Kó o tó dé, màá ti parí ẹ̀."

Sátidé, ní ọ̀sán gangan, ó dojú kọ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Kò mọ̀ pé ibi tó là ti gùn dé òkè. Bó ṣe fa ti ìsàlẹ̀ yọ, ti òkè já bọ́, ó sì ya apá rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìtòsí ìgúnpá. Kò kọ́kọ́ dùn ún rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó ta sára ògiri ló kọ́kọ́ rí.

Ó mú fóònù, ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ké: "Ìyá ọmọ mi, gbà mí o!" Ìgbà tó ké e tán ló rántí pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé.

Ó wọ́ dé ìta, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn aládùúgbò tó kọjú sí i. Obìnrin aránṣọ kan ló ń gbé ibẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin, wọn ò sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ fún ara wọn. Obìnrin náà bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi di apá náà pinpin, ó dá ọkọ̀ dúró. "Bàbá, ẹ má sùn o! Ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀!"

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bèèrè pé, "Ta ni ẹbí bàbá níbí?"

Ọwọ́-Idẹ wolẹ̀. Aránṣọ náà dáhùn, ó ní, "Èmi ni."

4.
Ó yè. Ṣùgbọ́n iṣan tó ń ká ìka ti gé. Wọ́n rán an, síbẹ̀ ìka mẹ́ta ò ká mọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù wá kí i. Lọ́sẹ̀ kejì, èèyàn méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku Baba Ìbejì nìkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ọwọ́-Idẹ ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ ariwo: "Ọwọ́-Idẹ! Ọwọ́-Idẹ!" Ó gbójú sókè, ẹ̀rín ti kún ẹnu rẹ̀. Wọn ò tiẹ̀ rí i. Ọkùnrin mìíràn ló gbé gíláàsì pẹ̀lú ọwọ́ lásán, òun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó yí padà, ó gba ọ̀nà ilé.

Gbogbo ìgbà yìí, "dáadáa ni mo wà" ló ń sọ fún ọmọ rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n ń rí ara wọn lórí fóònù, tí ọmọ ní, "Bàbá mi, ẹ fi ọwọ́ kejì hàn mí."

Ó gbé e sókè. "Ọmọ mi, ó ti di oṣù mẹ́ta tí mi ò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù mi."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Ọwọ́ yẹn ni orúkọ mi. Tí mo bá sọ pé ó ti lọ, kí ni wàá máa pè mí?"

Ọmọ bú sẹ́kún. "Bàbá mi ni mo ń pè yín. Ìgbà wo ni mo pè yín ní Ọwọ́-Idẹ rí?"

Ó gbé ọwọ́ náà sún mọ́ fóònù, kí ọmọ lè rí i dáadáa.

Ẹ̀yin ará mi, ariwo ọjà kì í tẹ̀lé èèyàn dé ilé ìwòsàn. Bẹ́ ẹ bá ń gé gíláàsì, páànù tàbí ẹran, bẹ́ ẹ bá ń ṣa àfọ́kù nílé, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ ti apá. Tó bá ti ya, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ẹni tó ń wọ̀ ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má sì pariwo yin ẹni tí kò wọ̀ ọ́, torí pé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa bá a de bọ́tìnnì. Bẹ́ ẹ bá sì mọ ẹnì kan tó ń dá gbé, ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí.

Àbámọ̀ kì í ṣáájú ọ̀ràn. Ẹ̀yìn ọ̀ràn ló máa ń wá.